Báńkì tí kò ní gbọ̀ngàn: bí a ṣe ń ṣí i, bí a ṣe ń lò ó, àti ohun tí a ó ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí ojú, tí àwọn ọlọ́jà sì ń kọ ti àtijọ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Íbàdàn, pè mí láàárọ̀. Wọ́n ní: "Àbúrò mi, oníbàárà kan ló dúró síwájú mi yìí. Àǹkárá mẹ́fà ló fẹ́ gbé. Owó wà lórí fóònù ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ríbi gbà á sí." Wọ́n ní àkáǹtì ní báńkì àtijọ́ kan lóòótọ́, àmọ́ ó ti di ọjọ́ kẹta tí áàpù báńkì náà ti ń yí bíríbírí láìṣí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá wọn ṣí àkáǹtì sórí ọ̀kan nínú àwọn áàpù tuntun tí gbogbo ọjà ń lò. Kò gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn ní Ìwó Road. Kí wọ́n tó délé, ₦186,000 ti kúrò nínú àkáǹtì. Olè náà kò wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí kọ́kọ́rọ́ ojú fóònù. Síìmù ló yọ, ó fi í sínú fóònù mìíràn, OTP, ìyẹn kódù ìgbà kan tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ láti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, sì ń wọlé sí i lọ́wọ́. Ìyókù ohun tó nílò wà nínú ike tó bo ẹ̀yìn fóònù: ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n mi kọ PIN àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) wọn sí kí wọ́n má baà gbàgbé.

Kò sí gbọ̀ngàn tí a lè sáré lọ. Kò sí máníjà tí a lè rojọ́ fún. Ohun tó yẹ kí n ṣe fún wọn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tí n kò ṣe, ni mo kọ sílẹ̀ yìí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ tàbí fún òbí rẹ̀. Mo fẹ́ràn báńkì orí fóònù, ojoojúmọ́ ni mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n fóònù yín ni gbọ̀ngàn rẹ̀, síìmù yín sì ni ilẹ̀kùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú ilé tí ẹ fẹ́ gbé owó sí

Gbogbo áàpù ló jọra lójú: àwọ̀ tó ń dán, orúkọ yín lókè, iye owó láàárín. Ìwé àṣẹ tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fún wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, mẹ́ta ló sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà.

Àkọ́kọ́ ni báńkì ńlá tó fi áàpù ṣe ẹ̀ka. Bẹ́ẹ̀ ni ALAT: Wema Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945 tó sì ń jẹ́ Agbonmagbe Bank nígbà náà, ló gbé e jáde ní 2017. Bí áàpù bá dákẹ́, gbọ̀ngàn ṣì wà. Ìkejì ni báńkì microfinance, ìyẹn báńkì kéékèèké. Kuda, Moniepoint àti FairMoney wà níbẹ̀. Ìkẹta ni ilé iṣẹ́ mobile money, bíi OPay àti PalmPay. Lábẹ́ òfin, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe báńkì. Owó tí ẹ bá fi síbẹ̀, inú báńkì mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí fún àwọn oníbàárà.

Ọjọ́ tí ilé náà bá wó ni ẹ máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. NDIC ni àjọ tó ń dá owó padà fún ènìyàn bí báńkì bá kógbá sílé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n gbé iye tí wọ́n ń dúró fún lọ sókè: ₦5,000,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì ńlá, ₦2,000,000 ní microfinance, ₦5,000,000 ní mobile money, bí báńkì tó ń tọ́jú owó náà bá wó. Kí wọ́n tó gbé e sókè, ₦200,000 péré ni ti microfinance. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ni CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. NDIC fi BVN wá àkáǹtì mìíràn tí àwọn oníbàárà ní sí ibòmíràn, wọ́n sì san owó sí i tààrà. Ẹni tí kò ní àkáǹtì níbòmíràn ló ní láti lọ kọ fọ́ọ̀mù. Nítorí èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilé kan ṣoṣo mọ owó yín. Ẹ ní àkáǹtì méjì, ní ilé méjì tó yàtọ̀ síra, pẹ̀lú BVN kan náà.

Orúkọ gbogbo ilé tó ní ìwé àṣẹ wà ní cbn.gov.ng. Bí ẹ kò bá rí orúkọ áàpù náà tàbí ti ilé iṣẹ́ tó ni ín níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé èlé tí wọ́n ń pariwo lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti báńkì yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé àti nọ́ńbà

NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti orílẹ̀-èdè) àti BVN, ẹyọ nọ́ńbà mọ́kànlá ni méjèèjì ní. Bí ẹ bá ti gbàgbé wọn, ẹ tẹ *346# fún NIN, *565*0# fún BVN, lórí ìlà tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Ó máa ń gba owó díẹ̀ nínú owó ìpè. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí bára mu lórí méjèèjì. Èyí ló ń dá àwọn àgbà wa dúró jù: orúkọ bàbá wà lórí ọ̀kan, orúkọ ọkọ wà lórí ìkejì, áàpù á ní òun kò mọ̀ wọ́n. Orí NIN tàbí BVN fúnra rẹ̀ ni ẹ ti ní láti tún un ṣe, áàpù kò lè bá yín ṣe é. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó fò ó, nítorí láti ọdún 2024, àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN, owó lè wọ ibẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gba áàpù náà, ẹ sì ṣí àkáǹtì

Play Store tàbí App Store nìkan ni kí ẹ ti gbà á. Línkì áàpù tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kódà bí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ adúrà yín ló fi ránṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ojú yín síwájú fóònù, ẹ ṣí fìlà tàbí gèlè, ẹ kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ẹ má fi ẹ̀yìn sí fèrèsé.

Bí ẹ bá parí, ẹ má dúró síbẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni CBN pín àkáǹtì sí, ìpele àkọ́kọ́ sì kéré débi pé ìsanwó ọjà ẹyọ kan lè kún un. Mo rí ẹni tí oníbàárà sanwó fún tí owó náà há sójú ọ̀nà nítorí àkáǹtì ti kún. Ẹ fi bíìlì iná tàbí ìwé mìíràn tó ní àdírẹ́sì yín sórí áàpù, kí wọ́n gbé yín dé ìpele kẹta kí ọjà ńlá tó dé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ti ilẹ̀kùn kí owó tó wọlé

Bí ẹ ò bá ka ibòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé síìmù ní PIN tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti fóònù, tó sì yàtọ̀ sí ti báńkì. Bí ẹ bá ti fi sí i, ẹni tó bá yọ síìmù náà sínú fóònù mìíràn kò ní rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀ àfi bí ó bá tẹ PIN náà. OTP kò ní wọlé sí i. Kódù báńkì, èyí tí a fi ń fowó ránṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní ṣiṣẹ́ fún un. Ká ní mo ti ṣe èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ìwé pélébé inú ike yẹn ì bá má tó nǹkan fún olè náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Security, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SIM lock sí. Lórí iPhone, inú Settings náà ni, lábẹ́ ìlà fóònù yín, wọ́n kọ SIM PIN síbẹ̀. Ẹ tàn án. Fóònù á béèrè PIN tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì fi sórí síìmù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe nẹ́tíwọọ̀kì yín kí ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ má méfò, nítorí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù á tì, PUK, kódù tí a fi ń ṣí síìmù tó bá tì, ni yóò sì máa béèrè. Bí ẹ bá tún ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù náà ti kú nìyẹn. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbà, ẹ yí PIN náà sí tiyín. Kí ẹ wá pa fóònù, kí ẹ tún un tàn. Bí ó bá béèrè PIN síìmù kí nẹ́tíwọọ̀kì tó wọlé, ó ti ṣe é.

Ẹ tún ṣe ìwọ̀nyí níjókòó kan náà: ẹ mú kí fóònù má máa gbé ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ síta nígbà tí ojú rẹ̀ bá wà ní títì, kí OTP má baà hàn sí ẹni tó kàn gbé e lọ́wọ́. PIN áàpù kò gbọdọ̀ jẹ́ ọdún ìbí yín, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bá ti káàdì dọ́gba. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń dín iye tí a lè fi ránṣẹ́ lóòjọ́ kù nínú áàpù, kí ẹ dín in sí iye tí ẹ ń ná gan-an. Àwọn áàpù kan ní ètò tó máa ń béèrè ojú yín bí owó bá pọ̀ tàbí bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ tàn án. Ó máa ń fa àkókò díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bínú sí i, wọ́n sì ti wá ń kọ́ àwọn ará ìsọ̀ wọn báyìí.

Ìwé pélébé? Ẹ lè kọ ọ́. Ilé ni kí ó wà, nínú àpótí, kì í ṣe lẹ́yìn fóònù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀

Àpò ìnáwó ni mo ka áàpù sí. Owó tí ẹ ó fi ra ọjà, tí ẹ ó fi gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ni kí ó wà níbẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nílé wa ni pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á fi ìyókù ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn ní báńkì àtijọ́. Áàpù báńkì yẹn kò sí lórí fóònù tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, wọ́n sì ti ní kí báńkì náà pa kódù rẹ̀ lórí ìlà wọn. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá já fóònù náà gbà lónìí, owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan ló lè tó o lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fífi owó ránṣẹ́ àti gbígbà á

Láti ọdún 2020, iye tí CBN ní kí báńkì má gbà kọjá nìyí: ₦10 bí owó kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ títí dé ₦50,000, ₦50 lórí èyí tó bá kọjá ìyẹn. VAT, owó orí ọjà, wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ₦50 ti ìjọba, stamp duty, lórí owó tó bá ti tó ₦10,000. Ẹni tó gba owó ló ń san án tẹ́lẹ̀, láti oṣù Kìíní ọdún 2026 ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń san án.

Nítorí ₦50 yìí, àwọn ènìyàn ti ń gé owó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ₦30,000. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ₦25, VAT ₦1.88, àti ₦50 ìjọba: ₦76.88. Bí ẹ bá gé e sí mẹ́rin, ₦7,500 lọ́nà mẹ́rin, ó di ₦107.50. Bí ẹ bá gé e sí mẹ́fà, ₦5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦64.50 ni. Náírà méjìlá ni ẹ jèrè, ẹ sì ti tẹ PIN yín lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójú ọjà. Kò tó o. Bí áàpù yín bá ń fúnni ní iye ìránṣẹ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, owó tí áàpù ń gbà nìkan ni ẹ ò ní san; ti ìjọba ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ máa ka orúkọ tó bá jáde kí ẹ tó tẹ PIN. Ẹ kà á sókè bí ẹ bá lè ṣe é. Nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ mẹ́wàá, ẹyọ kan péré tí ẹ bá ṣì tẹ̀ lè gbé owó lọ bá ẹni tí ẹ ò mọ̀. Báńkì kò lè déédéé yọ ọ́ padà láìjẹ́ pé ẹni náà gbà tàbí ilé ẹjọ́ pàṣẹ.

Fún ẹni tó ń tajà: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò tí oníbàárà fi hàn yín lójú fóònù rẹ̀, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé alẹ́ẹ̀tì tó wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí ayédèrú alẹ́ẹ̀tì ti jẹ aṣọ púpọ̀ ní Gbági. Ẹ ṣí áàpù yín, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì. Bí kò bá tíì pọ̀ sí i, ẹ fún oníbàárà ní àga kó jókòó.

Ìgbésẹ̀ keje: Káàdì

Oríṣi méjì ni: èyí tí a lè fọwọ́ mú, àti èyí tó wà lórí áàpù nìkan, tí a fi ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ti orí áàpù ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi iye tí ọjà náà tó sí i, ẹ sì dì í pa lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó. Verve ni ọ̀pọ̀ áàpù wa ń fúnni. AfriGo, káàdì ti orílẹ̀-èdè wa tí CBN gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2023, náà ti wà nígboro. Ẹyọ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, kódà bí ó bá mọ orúkọ ìyá yín.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń polówó káàdì ọ̀fẹ́ kì í sọ. Ọ̀pọ̀ báńkì orí fóònù kò ní ATM tirẹ̀, nítorí náà ATM ẹlòmíràn ni ẹ ó máa lò ní gbogbo ìgbà. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n ti fòpin sí ìgbà mẹ́ta ọ̀fẹ́ tí a ń gbà lóṣooṣù. ₦100 ni lórí ₦20,000 kọ̀ọ̀kan ní ATM tó wà lọ́gbà báńkì. Ní èyí tó wà níta, bíi ilé epo tàbí ilé ìtajà ńlá, wọ́n tún lè gba tó ₦500 lé e. ₦5,000 náà, ₦100 ni. Bí ẹ bá nílò owó, ẹ yọ ₦20,000 lẹ́ẹ̀kan, lọ́gbà báńkì. Lọ́dọ̀ àwọn onípọ́ọ̀sì àdúgbò, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà kí káàdì tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Èènì

Cashback, póíǹtì, ẹ̀bùn fún mímú ọ̀rẹ́ wá: èènì ni gbogbo rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́wà tó bu èènì fún yín mọ̀ pé ẹ ó padà wá, òun náà sì ti ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ẹ̀wà. Mo máa ń gbà á, ṣùgbọ́n mo ń kọ́kọ́ béèrè nǹkan mẹ́ta.

Ṣé ohun tí mo fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ ni? Bí áàpù bá ní òun ó dá náírà méjì padà lórí ₦100 owó ìpè, tí ẹ sì ń ra ₦5,000 lóṣù, ₦100 lẹ ó rí. Ó dára, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tìtorí rẹ̀ ra ₦8,000, ₦160 lẹ gbà, ₦3,000 sì ti lọ.

Ṣé owó gidi ni, àbí ohun tó kàn jọ owó? Àwọn èènì kan kò ṣeé fi ránṣẹ́, kò ṣeé yọ, owó ìpè tàbí dátà nìkan ni a lè fi rà, ó sì ní ọjọ́ tí yóò kú. Ẹ ka ìlà kékeré tó wà lábẹ́ ìpolówó náà.

Kí ni wọ́n fẹ́ kí n máa ṣe? Bí èènì náà bá jẹ́ fún fífi owó sórí tẹ́tẹ́, tàbí fún yíyá owó, ẹ tì í sẹ́yìn. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa tó bẹ̀rẹ̀ tẹ́tẹ́ nítorí ₦200 ọ̀fẹ́ tí áàpù fún un. Ó ti ta ọ̀kadà rẹ̀.

Èlé ojoojúmọ́ dára ju póíǹtì lọ lójú tèmi. Bí áàpù bá ń san náírà 15 lórí ₦100 lọ́dún, ₦100,000 yín á máa pa bíi ₦41 lóòjọ́. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé láìjẹ́ pé ẹ ná kọ́bọ̀. Ẹ sáà rí i pé ẹ lè yọ owó náà nígbà tó bá wù yín, nítorí èlé tó ga jù sábà máa ń jẹ́ ti owó tí wọ́n tì pa fún oṣù mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọjọ́ tí fóònù bá sọnù

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín yín àti olè. Ẹ má lépa rẹ̀. Ẹ yá fóònù ẹni tó wà nítòsí, kí ẹ pe báńkì orí fóònù kí wọ́n ti àkáǹtì. Lẹ́yìn náà, nẹ́tíwọọ̀kì, kí wọ́n ti ìlà. Lẹ́yìn náà, báńkì kejì. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà íméèlì yín padà lórí fóònù ẹlòmíràn. Ọjọ́ kejì ni ẹ ó mú NIN yín lọ ṣe welcome back síìmù.

Bí owó bá ti lọ, tàbí tí owó kan há, ohun tí ẹ nílò ni session ID: nọ́ńbà gígùn tó ní ẹyọ ọgbọ̀n, tó wà lórí rìsíìtì ìfowóránṣẹ́ nínú áàpù. Òun ló ń fi ọ̀nà tí owó gbà hàn láti báńkì kan sí òmíràn. Ẹ má kàn sọ pé "owó mi ò dé". Ẹ fi nọ́ńbà yìí ránṣẹ́ sí ilé tiyín àti sí ilé tí owó lọ. Fún owó tí POS yọ tí kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, CBN ní kí wọ́n dá a padà láàárín wákàtí 72. Fún ATM báńkì mìíràn tí kò pọ owó síta, wákàtí 48.

Ẹ kọ ẹjọ́ yín sínú áàpù, kí ẹ tún kọ ọ́ ní íméèlì, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí cpd@cbn.gov.ng. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Nínú ₦186,000 ẹ̀gbọ́n mi, ₦52,000 ni wọ́n bá níbi tí olè gbé e sí, wọ́n sì dá a padà lọ́sẹ̀ kẹfà.

Páálí kan wà nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ ìsọ̀ wọn ní Gbági báyìí, lábẹ́ ìwọ̀n aṣọ. Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ti báńkì méjèèjì àti ti nẹ́tíwọọ̀kì, mo fi bírò pupa kọ wọ́n gàdàgbà. Kò sí PIN kankan níbẹ̀.